ILÉ LÓKÈ, ÌSỌ̀ NÍSÀLẸ̀: ÌTÀN ÌKỌ́LÉ ÀTI ÒWÒ WA NÍ JOS ÀTI BUKURU

Mo kí àwọn onílẹ̀ wa, àwọn ọmọ Berom tí wọ́n gbà wá láyè ní Gyel. Yorùbá ní ẹni a bá lábà ni baba. Kò yẹ kí a sọ ìtàn ìjókòó wa níhìn-ín kí a má kọ́kọ́ kí àwọn tí a bá.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan, mo sọ fún wọn pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, aṣọ ni mò ń tà, èmi kì í ṣe òpìtàn. Akọ̀wé wa dá mi lóhùn pé, "Ìyá, ohun tí ojú yín ti rí ni kí ẹ kọ." Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí ni mo kọ, àti ohun tí àwọn àgbà sọ fún mi, àti ohun tí mo bi àwọn tí ó mọ òfin léèrè kí n má baà purọ́ fún yín.

Gbogbo wa mọ̀ pé ilé ẹgbẹ́ wa ní Gyel ni a ń torí rẹ̀ kówó jọ lónìí: gbọ̀ngàn ìpàdé, ìsọ̀ nísàlẹ̀ lójú títì, yàrá ayálégbé àti ti àlejò lókè. Pláànù ilé náà wà níwájú àwọn tí ìjọba yàn láti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì tíì jáde. Àwọn kan nínú wa ń kùn. Wọ́n ní kí a kó búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kí a bẹ̀rẹ̀, pé bí ilé bá ti ga tán, ta ni yóò wó o? Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé méjì léra wọn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ni èsì mi.

BÍ A ṢE DÉ

Kùsà ni ó pe gbogbo ayé wá sí orí òkè yìí. Láàárín ọdún 1902 sí 1904 ni ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń jẹ́ Niger Company rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí agbègbè Naraguta láti wá ibi tí kùsà ti ń jáde. Bí wọ́n ti rí i, ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi rọ́ dé. Ọ̀rọ̀ kùsà tí à ń pè yìí pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni a ti yá a. Ní ọdún 1914, ọ̀nà irin kékeré tí ó ti Zaria wá dé Bukuru. Ní ọdún 1927, ọ̀nà irin ńlá tí ó ti Port Harcourt wá, tí ó gba Kafanchan, dé Jos. Nípa ọ̀nà irin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa gbà dé. Wọ́n á wọkọ̀ ní Ọ̀fà tàbí Ìlọrin, wọ́n á gba Jẹ́bà, Mínà àti Kaduna, wọ́n á sì sọ̀kalẹ̀ ní Jos sínú òtútù tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1957 ni wọ́n ti ọ̀nà irin kékeré náà pa, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó kó wá kò bá a lọ.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà wà nínú wọn. Àwọn kan wa kùsà, ṣùgbọ́n òwò ni ọ̀pọ̀ ṣe: aṣọ, obì, iyọ̀, abọ́, àtùpà, ohun èlò kẹ̀kẹ́. Bàbá mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira. Ó háyà yàrá kan ní Bukuru. Iwájú yàrá ni ó ń pàtẹ sí. Ó ta aṣọ dí àárín, ẹ̀yìn aṣọ náà ni ó sì ń sùn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn àyè híhá. Kò sí owó ilé méjì lọ́wọ́ rẹ̀, olè kò sì jẹ́ kí ènìyàn fi ọjà sílẹ̀ lọ sùn níbòmíràn. Nígbà tí ìyá mi sì dé, ó lè máa se ọbẹ̀ lẹ́yìn kí ó máa dá oníbàárà lóhùn níwájú.

Báyìí ni ilé àti ìsọ̀ ṣe di ọ̀kan náà láàárín wa. Nígbà tí owó dé, yàrá kan di ilé, ilé di pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: ilẹ̀ kan ṣoṣo, kí ó bò wá, kí ó sì bọ́ wa. Ẹ wo ojú títì Bukuru títí dé Jos, ẹ ó rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ ọgbọ́n náà mọ́.

ÌLÚ TÍ A LÀ SÍ MÉJÌ

Ìjọba òyìnbó ní èrò tirẹ̀ nípa ibi tí ènìyàn yóò gbé àti ibi tí yóò ti tajà. Ní ọdún 1917 Lugard ṣe òfin àwọn ìlú tí wọ́n ń pè ní Township. Ó fẹ́ kí ibùgbé òyìnbó jìnnà sí ibùgbé ènìyàn dúdú, kí ilẹ̀ òfìfo 440 yáàdì wà láàárín wọn, kí iná àti àrùn má baà ti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Jos, apá kan jẹ́ Township, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba, rélùwéè àti àwọn ilé ìtajà ńlá ti òyìnbó wà. Apá kejì jẹ́ Native Town, tí a là sí plọ́ọ̀tì plọ́ọ̀tì, níbi tí àwa, àwọn Hausa, àwọn Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ń gbé. Àwọn àgbà sọ fún mi bí wolé-wolé ṣe máa ń wá. Wọn a wo ìkòkò omi, wọn a wo ṣáláńgá, wọn a ka iye ẹní tí ó wà nínú yàrá. Ẹni tí wọ́n bá mú yóò fojú ba kọ́ọ̀tù.

Àyẹ̀wò wà nígbà náà, ó sì le. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi bàbá wa pé, "Irú ilé wo ni yóò bá iṣẹ́ rẹ mu?" Wọ́n ṣe òfin náà nípa wa, wọn kò ṣe é pẹ̀lú wa. Mo rò pé láti ìgbà náà ni a ti kọ́ àṣà kan tí kò tíì kúrò lára wa: pé ẹni tí ó bá wá yẹ ilé wò, ọ̀tá ni, kí a sá fún un, tàbí kí a kì í ní nǹkan sí ọwọ́ kí ó máa lọ.

BÚLỌ́Ọ̀KÙ KÌ Í SỌ̀RỌ̀

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún le ju ti ilé lọ. Láti ọdún 1910 ni òfin ti fi ilẹ̀ Àríwá sábẹ́ àṣẹ Gómìnà. Ní ọdún 1962 ìjọba Àríwá ṣe òfin tuntun. Òfin náà ní ọmọ onílẹ̀ ni ẹni tí bàbá rẹ̀ wá láti inú ẹ̀yà kan ní Àríwá. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ mínísítà kí ó tó lè ní ilẹ̀. Ẹ wo bí ó ti rí fún àwa Yorùbá. Ọ̀fà àti Ìlọrin wà ní Àríwá. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Ìwọ̀-oòrùn. Ará Ọ̀fà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Bukuru. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá, tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà, ni ó jẹ́ àlejò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ṣe ni bàbá mi ṣe. Ó ra ilẹ̀, ó fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ ará Ọ̀fà sínú ìwé. Olóòótọ́ ni ọ̀rẹ́ náà. Títí ó fi kú, kò fi ìgbà kan sọ pé òun ni òun ni ilé. Ṣùgbọ́n òkú kì í jẹ́rìí. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ pín ogún, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n bá nínú ìwé, èmi kò sì lè bá wọn wí. Ọdún mẹ́rin ni a fi ń lọ tí a ń bọ̀ níwájú àwọn àgbà. Níkẹyìn a san owó, wọ́n yọwọ́. Bàbá mi ra ilé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀méjì. Ọjọ́ tí a san owó náà ni ó sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, búlọ́ọ̀kù kì í sọ̀rọ̀. Ìwé ni ó ń sọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe òfin ilẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà, kí ó máa mójú tó o fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Òfin kò tún bèèrè mọ́ bóyá bàbá ènìyàn jẹ́ ará Àríwá. Èyí dára fún wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún méjì wà nínú rẹ̀. Èkíní, ènìyàn kò lè gbé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Èkejì, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ padà fún ànfààní gbogbo ènìyàn, ilé àti ohun tí a fi owó wa ṣe sórí ilẹ̀ ni wọn yóò san owó gbà-má-bìínú lé lórí, àti owó ilẹ̀ tí a san ní ọdún náà. Wọn kì í san iye tí a ra ilẹ̀. Ǹjẹ́ bí ilé náà kò bá ní ìwé àṣẹ ńkọ́? Kí ni a ó fi gbẹ́sẹ̀ dúró níwájú wọn?

KÌ Í ṢE ÀLEJÒ NÌKAN

Ẹnìkan lè rò pé nítorí a jẹ́ àlejò ni nǹkan wọ̀nyí fi ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928 tí a ń pè ní LEDB, láti tún ìlú Èkó ṣe. Ní ọdún 1955 àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí éékà 70. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè fún àwọn tí ilé wọn lọ. Ilé náà dára: omi wà, iná wà, ọ̀nà gbòòrò. Ṣùgbọ́n òyìnbó kan tí ń jẹ́ Peter Marris lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tí a kó lọ, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1961. Ó rí i pé òwò àwọn ènìyàn bàjẹ́. Obìnrin tí ó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹbí rẹ̀ ní Èkó dé Sùúrùlérè, kò rí oníbàárà. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, ẹbí sì fọ́n ká. Àwọn tí ó ya pláànù náà wo ilé, wọn kò wo ìsọ̀ tí ó wà nínú ilé. Ọmọ Èkó ni àwọn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí, lórí ilẹ̀ bàbá wọn.

Ti Gáná sì wà, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ 14. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé Nàìjíríà kì í ṣe Gáná, ọmọ orílẹ̀-èdè sì ni wá níhìn-ín. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé wọ́n bi àwọn náà ní ìbéèrè kan náà: ìwé rẹ dà?

ỌJÀ TERMINUS

Nísinsin yìí kí a padà sí Jos. Nígbà tí a ṣí ọjà ńlá ti Terminus ní ọdún 1985, ọmọ ọdún 15 ni mí, mò ń ru aṣọ tẹ̀lé ìyá mi. Ìsọ̀ inú ọjà náà lé ní 4,000. Àwọn ènìyàn ń ti Chad, Niger àti Cameroon wá nájà níbẹ̀, a sì máa ń fọ́nnu pé kò sí ọjà abẹ́ òrùlé tí ó tó o ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó yá, èmi náà gba ìsọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2002, oṣù márùn-ún lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, iná jó ọjà náà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mi ni ó kù lọ́wọ́ mi. Rìsíìtì owó ìsọ̀, ìwé gbèsè àwọn oníbàárà, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ káńtà. Gbogbo rẹ̀ jó. Láti ọjọ́ náà ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Níbi tí èrò ti pọ̀ jọ ní Terminus ni bọ́ǹbù méjì ti bú ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2014, tí ènìyàn tí ó lé ní 100 kú. Kí Ọlọ́run kí ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ní ọdún 2022, ogún ọdún lẹ́yìn iná, ìjọba Gómìnà Lalong kéde àdéhùn pẹ̀lú Jaiz Bank láti tún ọjà náà kọ́ ní owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 9 náírà. Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀ káàkiri ìlú. Àwọn kan ní kí a gbà, pé ogún ọdún ti pẹ́ jù. Àwọn mìíràn ń bèèrè: Ta ni yóò ni ìsọ̀? Fún ọdún mélòó? Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jó ńkọ́? Nígbà tí ìjọba náà fi parí sáà rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọn kò tíì tún ọjà náà kọ́. Èmi kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi ni pé, bí ẹnìkan bá tilẹ̀ pè mí ní ọjọ́ náà pé, "Ìyá, mú ẹ̀rí ìsọ̀ rẹ wá," n kò ní nǹkan kan láti fi hàn.

Ọjà Tejúoṣó ní Yábàá náà jó ní oṣù kejìlá ọdún 2007. Ìjọba Èkó àti àwọn olówó aládàáni tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2014. Ó ga, ó dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó kígbe pé owó ìsọ̀ tuntun ti kọjá agbára àwọn. Ilé lè ní ìwé pípé, kí ó sì ti ọmọ onílé síta. Kí àwa náà fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ọ̀DÀ PUPA

Lẹ́yìn iná, mo padà sí ilé bàbá mi. Mo wó ògiri iwájú, mo sọ pálọ̀ di ìsọ̀. Nígbà tí ọjà pọ̀, mo fa iwájú ìsọ̀ náà jáde ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, mo da kọnkéré bo gọ́tà. N kò ya pláànù, n kò bi ẹnikẹ́ni. Mo ní ilé bàbá mi ni.

Ní ọjọ́ kan àwọn òṣìṣẹ́ kan dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa, wọ́n kọ àmì ńlá sára ògiri mi, wọ́n fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Mo bínú. Mo sunkún. Mo ń sọ káàkiri pé nítorí mo jẹ́ Yorùbá ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, aládùúgbò mi kan, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ Berom, wá bá mi. Èdè Hausa ni a jọ ń sọ. Mo rò pé ó wá bá mi kẹ́dùn. Ó jókòó, ó ní, "Ìyá aláṣọ, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ẹ mọ bí òjò orí òkè yìí ti ń rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dí gọ́tà ni omi ti ń ya gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àká ọkà rẹ̀ ti rà nísàlẹ̀. Òjò ọdún méjì ni ó fi ń gbọ́n omi jáde, tí kò sì wí fún mi. Ó ní òun kò fẹ́ ìjà.

Ojú tì mí, ẹ̀yin ará mi. Èmi fúnra mi ni mo pe bíríkìlà láti wó o ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà mo ya pláànù, mo san owó tí ó yẹ, mo dúró oṣù mẹ́jọ. Ìsọ̀ tí mo ní lónìí kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo ń sùn dáadáa. Mo ti rí àyẹ̀wò tí a fi ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ nínú ìtàn àwọn bàbá wa. Ọjọ́ náà ni mo rí àyẹ̀wò tí a fi ń gba aládùúgbò sílẹ̀. Ọ̀tá wa kọ́ ni èyí.

OHUN TÍ WỌ́N Ń WÒ NÍNÚ PLÁÀNÙ

Ní ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ètò ìlú, pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ilé láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2003 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní Jos àti Bukuru, àjọ JMDB ni a ń gbé pláànù lọ bá. Nítorí pé ilé wa jẹ́ ìsọ̀ àti ibùgbé pọ̀, ìbéèrè wọn pọ̀ ju ti ilé ìgbé lásán lọ. Mo tẹ̀lé ayàwòrán ilé wa lọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbọ́ wọn:

1. Iná. Bí iná bá mú ìsọ̀ nísàlẹ̀ lóru, ọ̀nà wo ni àwọn tí ń sùn lókè yóò gbà jáde? Wọ́n ní kí àtẹ̀gùn kejì wà, kí ọkọ̀ panápaná rí àyè wọlé. Ẹni tí ó bá rí iná 2002 kò ní bèèrè ìdí.

2. Ọkọ̀. Oníbàárà àti lọ́rì tí ó kó ọjà wá, ibo ni wọn yóò dúró sí? Bí wọ́n bá dúró sójú títì, ìjà ojoojúmọ́ ni.

3. Omi àti ìdọ̀tí. Ṣáláńgá, kànga àti gọ́tà kò gbọdọ̀ súnmọ́ ara wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdọ̀tí ìsọ̀ kò sì gbọdọ̀ di ti aládùúgbò.

4. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù ní Gyel. Ilẹ̀ yìí ti rí ìwakùsà fún ìgbà pípẹ́. Kòtò wà tí a ti dí padà. Lókè ó tẹ́jú bí pápá, nísàlẹ̀ ó rọ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a bá gbé lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò sán. Nítorí náà ni wọ́n fi ní kí ẹnjiníà gbẹ́ ilẹ̀ wò. Iyanrìn dúdú tí ó ṣẹ́kù níbi tí a ti ń fọ kùsà náà, kí a má fi rẹ́ ilé. Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí ìtànṣán tí ó lè pa ènìyàn lára nínú rẹ̀.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo ni a fẹ́ kí wọ́n fojú fò? Bí ẹ bá ní ìwé náà ń pẹ́ jù, mo gbà. Kí a lọ bèèrè, kí a tún lọ, kí a lọ ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú lẹ́tà ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n pípẹ́ ìwé kì í ṣe ìdí tí a ó fi kọ́lé lóru.

Ẹni tí ó ní ta ni yóò wó o bí ilé bá ti ga, kí ó rántí pé katapílà kì í wo gíga ilé. Owó tí a ń ná yìí, owó opó ni, owó alágbàfọ̀ ni, owó ọmọ tí ń gun ọ̀kadà ni. Bí ó bá wó, a kò ní rí i kó jọ mọ́ ní ìran yìí.

OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN FÚN

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, kí a dúró de ìwé àṣẹ, kí a má fi búlọ́ọ̀kù kan lé orí èkejì kí ó tó jáde. Kí orúkọ tí ó wà nínú ìwé ilẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ ti alága tàbí ti olówó kankan, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ẹ rántí ọ̀rẹ́ bàbá mi.

Èkejì, kí a gbé pláànù náà lọ han àwọn aládùúgbò wa àti olórí àgbègbè Gyel. Òfin lè máà sọ pé dandan ni. Ìwà ọmọlúàbí sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn Berom ti ní olórí tí ń gbẹnu sọ fún wọn lórí ilẹ̀ yìí, ilẹ̀ tí ìwakùsà ti gba oko wọn lórí rẹ̀ rí láìbi wọ́n. Kí àwa má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò tún kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìsọ fún wọn. Bí ìyá àgbà kan bá wà lẹ́yìn plọ́ọ̀tì wa tí omi yóò ya bá, nísinsin yìí ni kí a mọ̀, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìlà lórí ìwé, tí a lè fi rọ́bà pa á rẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó kọ́ ọ pé apá kan nínú àwọn ìsọ̀ náà yóò jẹ́ kékeré, ní owó tí aláta àti oníṣòwò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè san. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì yàrá. Bí gbogbo ìsọ̀ wa bá di ti ẹni tí ó lè san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, a ó ti ti irú bàbá mi síta nínú ilé tí a fi orúkọ rẹ̀ kọ́.

Ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ tí ẹ fẹ́ ná owó lónìí, ẹ ná an tọkàntọkàn, kí ẹ sì bèèrè rìsíìtì. Kí ẹ má fi rìsíìtì náà pamọ́ sínú ìsọ̀.

Kí Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí a rí ọjọ́ tí a ó ṣí ilé náà, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ wa àti àwọn aládùúgbò wa nínú gbọ̀ngàn rẹ̀. Kí àlàáfíà kí ó jọba ní Gyel, ní Bukuru, ní Jos àti ní gbogbo Plateau. Kí ilé má jó, kí ọ̀nà má dí. Àmín.